Mo Ti Jí Méjì

Ìyá Ẹlẹ́yin kì í fọkàn tán ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá dùn. Ó máa ń sọ pé oyin tí à ń lá náà ló ń tani. Ìdí nìyí tó fi ń wo ọkọ ọmọ rẹ̀ tìfuratìfura. Ọkùnrin náà mọ kọ̀mpútà, ó sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà ní yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀ ìyá náà, àwọn ló ń bá adìyẹ sàba lé ẹyin. Bí iná bá lọ, wọ́n á kú. Bí iná bá dé, ẹnìkan ní láti lọ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbóná padà.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ọkọ ọmọ wí. "Mo ti kọ àṣẹ sínú kọ̀mpútà. Òun ni yóò máa tẹ̀ wọ́n, yóò sì máa fi ímeèlì jíṣẹ́ fún yín."

"Ẹni tó bá ní kí n fọkàn balẹ̀, àpò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, iná lọ, iná dé. Ìyá ń to ẹyin sínú páálí níwájú ìsọ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àdírẹ́sì tirẹ̀ gan-an ni ímeèlì náà ti wá! Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ:

"Mo ti ji meji. O ku eyo kan."

Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ọkọ rẹ ti jí méjì nínú ẹ̀rọ mi! Orúkọ mi ló tún fi ń ròyìn olè fún ẹgbẹ́ rẹ̀!"

"Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé àwọn ẹ̀rọ náà kò sí ńbẹ̀ ni?"

Ìyá yọjú sí yàrá ẹ̀yìn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró gbagidi.

"Wọ́n wà. Ìkarahun ni mò ń wò, mi ò mọ ohun tó ti yọ nínú wọn. Sọ fún un kó máa bọ̀."

Ó fa wáyà kọ̀mpútà yọ lára ògiri, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró, ó wá gbé àga dí ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ọkọ ọmọ fi máa dé, aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin fún òógùn.

"Màmá, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Kọ́kọ́ sọ ohun tí o jí."

"Ohun tí mo jí kẹ̀? Kọ̀mpútà ló jí wọn! Bí ẹ ṣe ń jí ọmọ lójú oorun! Ẹ̀rọ yín ni, ìdí nìyẹn tí mo fi fi orúkọ yín sí i."

Ìyá wò ó sùn-ùn. "Èwo ló wá kù?"

"Èyí tí kò jí ló kù!"

Ọwọ́ ìyá ti wà ní etí ìró kí ọkùnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán. Inú ẹ̀rọ kẹta ni àwọn ẹyin tó ti fẹ́ di òròmọdìyẹ wà.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ẹ̀rọ méjì ń kùn hùn-ùn. Ẹ̀kẹta dákẹ́, ara rẹ̀ tutù. Ọkọ ọmọ tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, kò jí. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyin, wọ́n ń há wọn sáàárín àwọn ti inú ẹ̀rọ méjì tó kù. Ìyá gbé ọ̀kan sétí.

"Dákẹ́ ná." Ó tẹ́tí. "Ó ń kanlẹ̀kùn."

Àwọn kan nínú wọn kò kàn án. Ìyá kó ìyẹn sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni wí.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó ní, "Àna mi, mú 'jí' kúrò nínú ìwé mi. Olè ló ń jí nǹkan."

Ọkùnrin náà tún ẹ̀kẹta ṣe, ó sì tún àṣẹ rẹ̀ kọ. Nígbà tí iná tún lọ tó dé, fóònù ìyá dún:

"Mo ti tan meta."

Ó tẹ ọkọ ọmọ láago. "Àwọn mẹ́ta wo lo tún tàn?"

"Màmá! Tan, bíi ká tan iná!"

"Mo gbọ́." Ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn ló ti ń fèsì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan.