Ìpàdé Mẹ́ta Lórí Ẹsẹ̀ Kan

Ó ti rẹ Yẹ́misí kó tó dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Oyèníran. Ilé mẹ́sàn-án ló ti wọ̀ láti àárọ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, tó ń yẹ ìfúnpá wò, tó ń ka hóró oògùn, tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìyàwó ọmọ tí kò kàn án. Bí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wọlé kiri ṣe rí nìyẹn: ẹsẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, etí la fi ń parí ẹ̀.

Àtọ̀gbẹ ló ń bá Bàbá fínra. Egbò kan tí kò ju èékánná lọ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì kọ̀, kò jinná. Ẹni tó bá mọ àtọ̀gbẹ mọ̀ pé irú egbò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àfojúdi, torí ó lè gba odidi ẹsẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Yẹ́misí ti fọ̀ ọ́, ó ti dì í, ó ti mú bàtà rírọ̀ wá, ó sì ti kìlọ̀ pé Bàbá ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ lásán kanlẹ̀ mọ́. Àmọ́ nígbà tó tú báńdéèjì lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, iyanrìn ló kún inú ẹ̀.

"Bàbá, ṣebí mo ní kẹ́ ẹ má bọ́ bàtà?"

"Mo wọ̀ ọ́ nílé, ọmọ mi. Agogo ni mo lọ lù."

Bàbá ló ń lu agogo ìjọ aláṣọ funfun tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, ó sì ti ń lù ú fún ọdún méjìdínlógún. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, á wọ sùtánà rẹ̀, á sì fẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́, nítorí ẹni tó bá wọ aṣọ yẹn kì í wọ bàtà.

"Àfi tí Olùṣọ́, olórí ìjọ wa, bá fọwọ́ sí i," ni Bàbá wí. "Ta ni mo sì jẹ́, tí n ó lọ bá wọn pé kí wọ́n yí òfin padà nítorí tèmi?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa, Bàbá. A máa gbé e dé ìgbìmọ̀."

Ìgbìmọ̀ ìlera àdúgbò ló ń wí. Ilé ìwòsàn ìjọba, ẹgbẹ́ onílé, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ló para pọ̀ dá a sílẹ̀, kí wọ́n lè jọ máa tọ́jú aláìsàn àti àgbàlagbà tí kò lẹ́nì kan. Ohun tó dáa ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ti pọ̀ jù, kí gbogbo ẹ̀ tó pàdé láyà, oorun á ti gbé alára lọ.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, aṣojú ìjọ náà kò wá. Alhaji Múrítàlá tó jẹ́ alága ní kò bójú mu kí wọ́n sọ̀rọ̀ ìjọ lẹ́yìn ìjọ. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é jàre." Ní ìpàdé kejì, aṣojú wá, àmọ́ ọ̀rọ̀ gọ́tà ló jẹ gbogbo àsìkò. Ní ìkẹta, aṣojú gbọ́, ó mirí, ó ní òun á wá àkókò tó wọ̀ láti fi tó Olùṣọ́ létí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti lọ. Egbò náà ti fẹ̀ tó ìdérí ìgò, ó sì ti ń rùn. Yẹ́misí bẹ Bàbá títí kí àwọn lọ sílé ìwòsàn ńlá. Bàbá ní kí àwọn gbọ́ ti Olùṣọ́ ná.

Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo ẹ̀ sú Yẹ́misí. Kò sọ fún alága, kò sọ fún aṣojú. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí géètì ìjọ náà, ó wọlé pẹ̀lú àlàyé tó ti ń tò jọ látìgbà tó ti wọ ọkọ̀ nílé ní Ìdímù. Ó ti múra ìjà pàápàá.

Olùṣọ́ ń gbá àgbàlá lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ dópin, ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Nítorí bàtà? Aláìsàn ni, kó wọ bàtà. Ẹ̀ bá ti bi mí látọjọ́ yìí, nọ́ọ̀sì. Abèèrè kì í ṣìnà."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Inú bí Yẹ́misí débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀, kò sì rí ẹni tí ì bá bínú sí ju ara rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ ìjọ ló gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà. Dókítà ní ó ti wọ egungun. Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún.

Ní ọjọ́ kẹta, Yẹ́misí jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹkún. Bàbá la ojú, ó rí i.

"Olùṣọ́ ńkọ́? Nígbà tẹ́ ẹ bi wọ́n nípa bàtà yẹn, ṣé wọ́n rò ó pẹ́?"

Yẹ́misí wo ilẹ̀.

"Wọ́n rò ó pẹ́ gan-an, Bàbá."

Bàbá mi orí díẹ̀díẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ọ̀rọ̀ tó le ni."