Ogún Ojú Ìwé

Ojú ìwé igba ó lé méjìlá, níbi tí orí kẹjọ parí sí, ni Moróunkẹ́ kà tán tó ṣí èyí tó kàn, ó sì bá ara rẹ̀ ní igba ó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó rò pé ewé ló lẹ̀ mọ́ra. Ó dá a padà, ó fi ìka kan itọ́, ó tún un ṣí jẹ́jẹ́. Ibì kan náà ló tún já sí. Ìgbà náà ló wá fi ìka tọ àárín ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ba àwọn etí bébà tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, tó gún régé, tí kò rí págunpàgun rárá. Ewé wọ̀nyẹn kò já fúnra wọn. Ẹnì kan ló fi abẹfẹ́lẹ́ gé wọn, ó sì fara balẹ̀ gé wọn.

Orí kẹsàn-án ni ẹni náà gé lọ, gbogbo rẹ̀ pátá. Orí tó sọ ìdí tí èèyàn fi ń gbàgbé ohun tó ti kọ́.

Moróunkẹ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mọ́kànlá ti lé díẹ̀. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn láíbìrì ló ti wà lórí ìdúró nítorí ìwé yìí, nítorí pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn káńtà, wákàtí méjì péré ni wọ́n sì ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún èèyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó lò ó ṣáájú rẹ̀ kàn wo Moróunkẹ́ nígbà tó ń dá a padà, ó mi orí. Ó wá yé e báyìí ohun tó ń mi orí sí.

Ọ̀la, aago mẹ́sàn-án, ni ìdánwò. Dókítà Oyèbọ́lá tó ń kọ́ wọn ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe kíláàsì kẹ́yìn pé ẹni tí kò bá ka orí kẹsàn-án, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú láti wá. Máàkì méjì péré ló gbé Moróunkẹ́ lulẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí lọ́dún tó kọjá. Bí ó bá tún gbé e lulẹ̀ lọ́dún yìí, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní yunifásítì, yóò sì padà sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà ní Ìwó Road lọ́wọ́ òfo. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni. Níbẹ̀, iwájú gbogbo ọmọ iléèwé ni ọ̀gá àgbà ti kéde pé Mísíìsì Adéróunmú ń lọ gba dìgírì, tí àwọn ọmọ sì pàtẹ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ kò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Nígbà tí o bá gbà á tán, ta lo fẹ́ fi hàn?"

Ó gbé ìwé náà, ó di káńtà. Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀ tó wà níbẹ̀, àgbàlagbà tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, ń lu òǹtẹ̀ mọ́ káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ọjọ́ kò ní ṣú fún.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ti gé ìwé yìí."

Bàbá náà gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà fún un. "Hẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n ti gé e lóòótọ́."

"Kí la máa wá ṣe, sà?"

"Kí lẹ fẹ́ ká ṣe, madam? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ ń gé e."

"Èmi kọ́, sà."

"Mi ò sọ pé ẹ̀yin ni."

"Ẹ̀dà kejì ńkọ́?"

"Ó wà níbi tí wọ́n ti ń tún ìwé dì."

"Láti ìgbà wo?"

Gbádérọ̀ ronú díẹ̀. "Ó ti tó ọdún méjì," ó ní, ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ káàdì mìíràn.

Moróunkẹ́ fi ìwé náà sílẹ̀ lórí káńtà, ó lọ sídìí àwọn àpótí káàdì láti wá ìwé mìíràn tó bá sọ̀rọ̀ lórí ìgbàgbé. Ó rí mẹ́ta. Ó kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn. Kò rí ti àkọ́kọ́ lórí pẹpẹ. Nígbà tó béèrè èkejì, wọ́n ní ọwọ́ olùkọ́ kan ló wà, olùkọ́ náà sì ti rìnrìn àjò. Ó rí ẹ̀kẹta, inú rẹ̀ dùn, àfi ìgbà tó ṣí i tó rí i pé ìgbàgbé ará ìlú sí ìjọba ni ìwé náà ń sọ. Bí ó ti ń dá a padà ni wọ́n mú iná lọ. Fáànù dúró. Gbogbo láíbìrì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ooru sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ilẹ̀.

Ó wá ibi jókòó. Kò sí àga tó ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èèyàn lórí ìdajì wọn. Ìwé ló jókòó sórí àwọn wọ̀nyẹn. Wọ́n fi ìwé gba àyè láti àárọ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Lórí àga kan, tawẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Moróunkẹ́ dúró ti tawẹ́ẹ̀lì náà títí, bí ẹni pé ó lè dìde fún un. Nígbà tó sú u, ó tún gòkè sí i, ó lọ sí àjà tó ga jù lọ, níbi tí wọ́n ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sí. Ó kéré tán, fèrèsé wà níbẹ̀, ó sì lè fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ka ohun tó kọ ní kíláàsì.

Ibẹ̀ ló ti rí ọmọbìnrin náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn pẹpẹ tó kẹ́yìn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó bọ́ bàtà. Ó ń kàwé pẹ̀lú ètè tó ń mì. Moróunkẹ́ ì bá ti kọjá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sí ara bébà tó wà lórí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ewé lásán ni, kò ní èèpo, nọ́ńbà tó sì wà lókè rẹ̀ ni igba ó lé mọ́kàndínlógún.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó já a gbà.

"Ìwọ ni?" Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ìwọ lo ṣe iṣẹ́ yìí?"

Ọmọ náà ti kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. "Ẹ jọ̀ọ́ mà. Mísíìsì Adéróunmú, ẹ jọ̀ọ́."

Orúkọ yẹn dá Moróunkẹ́ dúró. Kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní ọgbà yìí. "Màmá" làwọn ọmọ kíláàsì ń pè é, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń fi rẹ́rìn-ín.

"Níbo lo ti mọ̀ mí?"

"Olúkẹ́mi ni, mà. Ẹ kọ́ mi ní fọ́ọ̀mù kẹta. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí."

Moróunkẹ́ wo ojú náà, ó wá a nínú gbogbo ojú tó ti kọ́ fún ọdún mẹ́rìnlá, kò rí i. "A sì jọ wà ní kíláàsì Dókítà Oyèbọ́lá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ojú ló ń tì mí láti kí yín."

"Ojú ò wá tì ọ́ láti gé ìwé."

Olúkẹ́mi sunkún díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Àdúgbò Ẹlẹ́yẹlé ló ti ń wá lójoojúmọ́, ó ní, torí kò rí yàrá nínú ọgbà. Ìgbà tó bá fi máa wọ ọkọ̀ méjì dé, orúkọ ti kún inú ìwé àwọn tó ń dúró. Ẹ̀rọ fọ́tókópì sì ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá tí ìwé náà fi kàn án, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. "Mo ní n máa dá a padà lọ́la, mà, tí a bá ti ṣe ìdánwò tán."

"Kí lo fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́ padà? Itọ́?"

Moróunkẹ́ ka àwọn ewé náà. Mẹ́wàá pé. Ó di wọ́n mú, ojú rẹ̀ sì ti wà lórí ìlà àkọ́kọ́ kó tó mọ̀. Ohun tó ń wá láti àárọ̀ nìyí. Fèrèsé wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ọ̀dọ́mọkùnrin tó mi orí, ó rántí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ láàárọ̀, inú tún bí i. Ó sì tún rò ó pé bí òun bá dá a padà, wọn yóò fi í sínú ìwé, òun yóò sì kà á níbi tí gbogbo ayé ti ń rí òun, bí ọmọlúàbí.

"Dúró síbẹ̀," ó sọ fún Olúkẹ́mi. "Má tẹ̀ lé mi."

Aago méjì ti kọjá nígbà tó dé káńtà. Gbádérọ̀ gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó ka nọ́ńbà àwọn ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Níbo lẹ ti rí i, madam?"

Lẹ́yìn bàbá náà, wọ́n lẹ ìkìlọ̀ kan mọ́ ògiri: ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ tó ń gé ìwé, lílé ni wọ́n máa lé e kúrò ní yunifásítì. Orúkọ ọmọ náà ti wà lẹ́nu Moróunkẹ́. Ó gbé e mì.

"Láàárín ìwé ìròyìn, sà. Lókè."

"Láàárín ìwé ìròyìn." Gbádérọ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Láàárọ̀, ẹ wá sọ fún mi pé wọ́n gé e. Ní ọ̀sán, ẹ̀yin náà lẹ rí i."

"Mo wá a ni, sà."

"Kí ni orúkọ yín? Ẹ fún mi ní nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ yín pẹ̀lú."

Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, ó ń tẹ bírò mọ́ ọn. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó mú ìwé tí wọ́n gé náà, ó kó àwọn ewé lé e lórí, ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ó tì wọ́n sínú rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn, sà?"

"Ó di ibi tí wọ́n ti ń tún ìwé dì."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n kà á níbí. Níwájú yín níbí, lórí ìdúró. Wákàtí kan péré."

"A kì í yá èèyàn ní ìwé tó ti ya. Òfin ni."

"Ọ̀la ni ìdánwò mi!"

Ariwo ló fi sọ ọ́. Orí yí sọ́dọ̀ rẹ̀ láti gbogbo tábìlì, ẹnì kan sì pòṣé.

"Ẹ rọra, madam," Gbádérọ̀ wí. "Láíbìrì nibí."

Bí Moróunkẹ́ ṣe jáde, kò mọ̀. Ó bá ara rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn iwájú láíbìrì, ó jókòó lórí sìmẹ́ńtì gbígbóná pẹ̀lú báàgì lórí ẹsẹ̀. Ẹkún kò wá. Ì bá dùn mọ́ ọn bó bá wá. Ogún ojú ìwé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ àjà mẹ́ta, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹni tó tì í mọ́lé, orúkọ rẹ̀ sì ti wọ ìwé àwọn afurasí. Ọkọ rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín bó bá gbọ́. Kò ní sọ fún un.

Ẹnì kan jókòó sí orí àtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀ tirẹ̀. Olúkẹ́mi ni.

"Mo ní kí o má tẹ̀ lé mi."

"Mo dúró lẹ́yìn àpótí káàdì, mà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ mi?"

"Mi ò mọ̀. Lọ kàwé rẹ."

"Mo ti kà á, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo lè sọ ọ́ fún yín."

Ọmọ náà kò dúró kí Moróunkẹ́ gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń le sí i bó ti ń lọ. Ó ní ìwé náà sọ pé ohun téèyàn kọ́ kì í ṣàdédé nù, àwọn nǹkan téèyàn mọ̀ ló máa ń dí ara wọn lọ́nà, ọ̀nà méjì ló sì pín sí. Nígbà mìíràn, ti àtijọ́ á dí tuntun. Nígbà mìíràn, tuntun á dí ti àtijọ́.

"Bàbá mi ń wa takisí, mà, lọ́dún tí wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Mo ṣì kéré. Ó tó oṣù mẹ́ta tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń yà sí òsì, màmá mi á sì máa kígbe. Ti àtijọ́ ló ń dí tuntun nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó gba òsì lónìí, kò lè ṣe é mọ́. Tuntun ti dí ti àtijọ́."

Moróunkẹ́ ti yọ bírò láìmọ̀. Olúkẹ́mi bọ́ sí bí wọ́n ṣe dán an wò: wọ́n pín àwọn èèyàn sí ìsọ̀rí méjì, àwọn kan há ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sórí, wọ́n tún há èkejì, àwọn kan sinmi láàárín, wọ́n wá bi àwọn kan ní ti àkọ́kọ́, wọ́n bi àwọn mìíràn ní ti ìkejì, orúkọ gígùn méjì sì wà tí wọ́n fún ọ̀nà méjèèjì. Ó ń fi ìka ya á sórí sìmẹ́ńtì bó ti ń sọ ọ́. Ó dúró, ó gbójú sókè.

"Ó yé yín, mà?"

Ọdún mẹ́rìnlá ni Moróunkẹ́ fi béèrè ìbéèrè yẹn. Bí ó bá ti béèrè, gbogbo kíláàsì á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé "Yes, mà," á nu pátákó, á tẹ̀ síwájú. Kò ronú rí nípa ibi tí ìdáhùn yẹn ti ń wá. Ó ti wà lẹ́nu òun náà báyìí, ó ti múra tán láti jáde, ara sì ń gbóná fún un bí ẹni pé gbogbo ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn ń retí rẹ̀. Ó wo ọmọ tó máa ń jókòó sẹ́yìn. Ó gbìyànjú láti gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín gbogbo ohùn wọ̀nyẹn.

"Kò yé mi," ó ní. "Ibi ìsọ̀rí méjì yẹn. Kò yé mi rárá."

Olúkẹ́mi wò ó bí ẹni tí kò dá lójú pé òun gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó sún gòkè, ó jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn kan náà.

"Ó dáa, mà," ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.