Wúfà Lábẹ́ Àga Bàbá

"Mo ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rísífà yẹn!"

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, lọ́sàn-án gangan, nínú ilé tí ìyàwó rẹ̀ ti ń wá oorun kiri. Injinnía là ń pè é nínú ẹbí. Ó ní ìwé ẹ̀rí, ó fi gíláàsì sí i, ó gbé e kọ́ sára ògiri lókè tẹlifíṣọ̀n. Èmi ò ní nǹkan kan lára ògiri. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ní, níbi tí mo ti ń tún rédíò ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún, iṣẹ́ tí mo fi ojú àti ìka ara mi kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fọwọ́ kàn án," mo ní. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, kò ju "ó" lọ.

"Ó ti jóná. Mo so wúfà yẹn mọ́ ọn lánàá, kò dún, rísífà sì pa ara ẹ̀. Kí lo tún fẹ́ rí níbẹ̀?"

"Ibi tí ẹ so ó mọ́ ni mo fẹ́ rí."

Mo yí rísífà náà, àpótí tó ń gba ohùn tẹlifíṣọ̀n fún sípíkà, mo yọjú sẹ́yìn rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí kí n tó yọjú. Nígbà tí mo rí ohun tó ṣe, ó wá rẹ̀ mí dé eegun.

Bàbá wa wà lórí àga níbẹ̀, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n tí kò dún. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ náà sì ti jẹ etí wọn tán. Bí ohùn tẹlifíṣọ̀n ò bá tó ọgọ́ta, wọn ò gbọ́. Bó bá sì tó ọgọ́ta, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò lè sùn. Nọ́ọ̀sì ni, alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán nìkan ló rí fi sùn. Mi ò bá a jà. Ojú obìnrin náà ti wọnú. Ní ọjọ́ Àìkú, Injinnía pàṣẹ: bí ohùn náà ò bá wálẹ̀ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Yàrá kan ni mò ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù mi. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógójì. Orúnkún Bàbá ò gun mẹ́wàá mọ́. Bí wọ́n bá gòkè síbẹ̀, wọn ò ní rí ìta mọ́ àfi láti ojú fèrèsé.

Èmi ni mo rántí wúfà àtijọ́ kan tó wà nílé wọn. Ti kọ̀ǹpútà ni, àpótí dúdú tí kò ga ju orúnkún lọ, tó máa ń bá sípíkà kéékèèké méjì rìn. Ohùn tó wúwo nìkan ló ń mú jáde, èyí tí ara ń gbọ́ kí etí tó gbọ́. Nílé iṣẹ́ ìtẹ̀wé, Bàbá kì í fi etí mọ̀ pé ẹ̀rọ fẹ́ dárú. Bàtà ni wọ́n ń bọ́. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ pa ẹ̀kẹta yẹn." Bí wọ́n bá pa á, wọ́n á bá eyín irin kan tó fẹ́ kán nínú rẹ̀. Títí di òní, wọn kì í wọ sálúbàtà nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé ọjọ́ ogbó ló ń ṣe wọ́n. Pákó sì ni ilẹ̀ ilé rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ojú ihò sípíkà ńlá lẹ ti fa wáyà. Wúfà yìí ní áńpù tiẹ̀ nínú, òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ ohùn di ńlá. Agbára ò wọ́n ọn, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń tọrọ. Èèyàn bẹ̀ yín pé kí ẹ bu omi fún òun mu, ẹ wá ki páìpù panápaná bọ̀ ọ́ nímú. Rísífà ló gbọ́n tó pa ara ẹ̀."

"Nínú ìwé tí a kà..."

"Ẹ fi ìwé sílẹ̀ sára ògiri. Ihò kan ṣoṣo ló wà fún wúfà lẹ́yìn rísífà, wọ́n kọ orúkọ sí i lórí."

Mo tú wáyà rẹ̀ dànù. Mo fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tèmi sínú ihò yẹn, mo ki ẹnu kejì bọ ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń wọ̀ lára wúfà. Mo tan iná. Rísífà jí. Wúfà ò jí.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín ìmú. "Oníṣẹ́ ọwọ́."

Mo wo ẹ̀yìn wúfà náà dáadáa. Ihò kan ṣófo. "Bọ́tìnnì ẹ̀ dà? Èyí tó rí bí ìdérí ìgò, tí wáyà wà lára ẹ̀. Láìsí i, kò ní jí."

"Ó ti sọ nù."

Ìdáhùn náà yá jù. Èmi ò tíì parí ìbéèrè.

"Kò sọ nù." Ìyàwó rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ìbòrí ti yẹ̀ lórí rẹ̀. "Bàbá tọ́jú ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ wọn. A ti kó o pọ̀ mọ́ ẹrù wọn."

"Ẹrù wo?" mo bi í.

"Ó rẹ̀ mí, àǹtí. Ẹ jẹ́ n bá yín mú un wá."

Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìta, ó ká aṣọ ibùsùn kan kúrò. Àpótí onípákó Bàbá ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fi okùn dì í.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ dá fún wa," mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. "Òní ni Ọjọ́rú. Ìgbà wo lẹ di ẹrù yìí?"

"Lánàá, nígbà tí kò dún."

"Níṣojú Bàbá?"

"Wọn ò gbọ́. Ó ti pẹ́ tí wọn ò ti gbọ́ nǹkan kan. Sọ ohun tó bá wù ẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ tú okùn náà, ó wá bọ́tìnnì jáde. Mo gba bọ́tìnnì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, mo fi sí i. Iná pupa kékeré yọ lójú wúfà. Mo tì í sábẹ́ àga Bàbá, mo yí bọ́tìnnì náà díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kan ń gorí afárá kọjá nínú tẹlifíṣọ̀n. Ìka ẹsẹ̀ Bàbá ya ara wọn.

"Reluwé," wọ́n ní. "Ẹrù wà lẹ́yìn ẹ̀."

Mo fi rìmóòtù fa ohùn wálẹ̀. Ogójì. Ogún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹsẹ̀ Bàbá ò kúrò nílẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún ṣí i. "Ó ń dún bí òjò tó jìnnà," ó ní. "Mo lè sùn sí i."

Nígbà náà ni Injinnía wá rántí pé òun ni àkọ́bí. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú Bàbá, ó gbẹ́nu sí wọn létí. "Bàbá, mo ti bá yín tún un ṣe o."

Bàbá wò ó títí.

"Lánàá," wọ́n ní, ohùn wọn ò sì ròkè, "nígbà tí oòrùn dé ojú fèrèsé yẹn, ẹ wọ́ àpótí mi gba ẹ̀yìn àga yìí kọjá. Ìyàwó ẹ dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ ò dúró."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹsẹ̀ lásán Bàbá lórí pákó.

"Tó o bá tún fẹ́ lé mi," Bàbá ní, "gbé ẹrù mi sókè. Má wọ́ ọ nílẹ̀."