Ẹ̀rọ Tí Kì Í Dáni Lóhùn

Ẹ̀rọ náà ò fọhùn. Mùsílímátù tún tẹjú mọ́ bébà tó yọ lẹ́nu rẹ̀. Àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀: kí ó da ohun tó wà lórí téèpù kìíní kọ sórí èkejì. Kò sí “mo gbọ́”, kò sí “mo ti ṣe é”. Irú ìwà wo nìyí? Nílé wọn ní Ṣáṣá, ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò padà wá jábọ̀, wọ́n á ní kò lọ ni.

Ọjọ́ kẹfà rẹ̀ rèé nídìí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ìwádìí oko kan l'Akínyẹlé, lọ́dún 1968. Ọ̀gá Ajíbádé, tó ń kọ́ ọ, ti lọ jẹun. Àdàkọ yìí nìkan ló fi sílẹ̀ fún un, nítorí ohun tó wà lórí téèpù kìíní, okùn tí ẹ̀rọ ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí, ò sí níbòmíràn mọ́. Bàbá Àrẹ̀mú, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, ló fẹsẹ̀ rìn fún oṣù mẹ́ta láti abúlé dé abúlé, tó ń wọn ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó lóko. Ìwé tó kọ ọ́ sí ti bá odò lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ara Mùsílímátù ò balẹ̀. Ó dìde, ó jókòó, ó tún gèlè wé. Yàrá kejì ni téèpù méjèèjì wà, kò lè rí wọn. Bóyá òun ló gbé àṣẹ náà dorí kodò. Kò dúró bi ẹnikẹ́ni, ó yí i padà: kí ohun tó wà lórí èkejì lọ sórí kìíní.

Ẹ̀rọ náà tún dákẹ́. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé èkejì ṣófo. Ó ti da òfìfo bo iṣẹ́ oṣù mẹ́ta.

Àfi bí Bàbá Àrẹ̀mú ṣe wọlé, fìlà lọ́wọ́.

“O kú iṣẹ́ o, Mùsílí. Àwọn ará oko ń bi mí bóyá ìṣirò wọn ti jáde.”

Mùsílímátù lè parọ́. Ó lè ní kí bàbá padà wá lọ́la, kí òun sì gba Ṣáṣá lọ, kí òun má padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ó rí ẹsẹ̀ bàbá, bó ṣe wú sínú bàtà rọ́bà. Ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.”

Bàbá wá àga, ó jókòó. “Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀ ni.”

“Tí òjò bá dá, màá tún un rìn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa Mùsílímátù lẹ́kún.

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Ọ̀gá Ajíbádé bá a. Ó ka àṣẹ méjèèjì lórí bébà, kò bá a wí. Ó ní kí ẹ̀rọ tẹ ohun tó wà lórí téèpù kìíní jáde. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í lù gbà-gbà-gbà: orúkọ àgbẹ̀, abúlé, ìwọ̀n ẹ̀gẹ́. Ó béèrè ti èkejì. Bákan náà ló rí.

“Tó bá ṣe iṣẹ́ tán, kì í sọ nǹkan kan,” ni ọ̀gá wí. “Àṣìṣe ló ń mú un sọ̀rọ̀.”

Mùsílímátù rò ó síwá sẹ́yìn. Nígbà tí òun fi máa yí àṣẹ padà, èkejì ò ṣófo mọ́. Iṣẹ́ bàbá náà ló dà padà sórí ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ti gbọ́ ọ láti ìgbà àkọ́kọ́. Òun ni kò gba ara rẹ̀ gbọ́.

Bàbá Àrẹ̀mú ń fìka tọ orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ lórí bébà. Ọ̀gá gbé téèpù kẹta sí i, ó ní kí Mùsílímátù dà á kọ sórí ìyẹn náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ọwọ́ ń yún un gan-an láti tún nǹkan tẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó sì jókòó.