Òrùka Méjì ní Ọrùn Ẹsẹ̀ Aláròyé

Yàrá iwájú ilé awakọ̀ akẹ́rù kan ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀. Ooru omi gbígbóná máa ń bo yàrá náà bí ìkùukùu láti òwúrọ̀, àwọn aṣọ funfun á sì máa mì lẹ̀lẹ̀ lórí okùn bí ẹni tó ń tòògbé. Lórí òkìtì aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan máa ń sùn sí. Ìyàwó àárọ̀ awakọ̀ náà, tó ti dolóògbé, ló bí ọmọ náà, ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ yìí ló mọ̀ ní ìyá. Ẹnu ọmọ náà kì í sinmi. Aláròyé ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, ọrùn ẹsẹ̀ Aláròyé méjèèjì wú, ó pọ́n, ó sì le lábẹ́ awọ. Tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, á gbóná bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀. Ibà tẹ̀lé e. Ọmọ náà sùn, ó jí, ó tún sùn.

“Màámi,” ó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, “mò ń rìn nínú omi kan. Ó ń hó bí ọṣẹ. Ó dì mí lẹ́sẹ̀ mú.”

“Jáde níbẹ̀, ọkọ mi. Ọwọ́ mi rèé, dì í mú.”

“Omi náà ò jẹ́.”

Ibà lọ, ó padà wá, ó tún lọ. Olóògùn igun àdúgbò ní ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́, ó fún wọn ní ìpara. Nígbà tí wíwú náà máa fi rọlẹ̀, ọ̀rá abẹ́ awọ ti bá a lọ. Kò sí egbò, kò sí àpá, àfi kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí ọrùn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan po bí òrùka.

Níbi tí àwọn ọmọ ti ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ láti sáré nílé-ìwé ni tíṣà ti rí i. Ó ránṣẹ́ pe bàbá ọmọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn ọjọ́ márùn-ún dé.

“Ẹ má bínú sà. Ta ló ń tọ́jú ọmọ yìí nílé?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Ṣé òun ló bí i?”

Bàbá náà mi orí pé rárá.

“Sà, ojú okùn lèyí jọ.”

Awakọ̀ wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dúró láàárín ooru náà bí ẹni tó ṣìlé.

“Kí lo fi so ọmọ mi lẹ́sẹ̀?”

Ìyàwó rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù nàró. “Ọmọ ta?”

Obìnrin náà rọra ń tú okùn ìsáṣọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn aṣọ funfun ń já bọ́ sílẹ̀ láìdún. Ó kó gbogbo okùn náà síwájú ọkọ rẹ̀.

“Gbogbo èyí tí mo ní nìyí. Ẹ mú èyí tó bá kòtò ẹsẹ̀ rẹ̀ mu.”

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ọmọ mọ́ra. Ibẹ̀ lọwọ́ rẹ̀ ti kan apá òsì ọmọ. Apá náà pọ́n, ó sì gbóná, èyí tuntun tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá ò tíì rí. Okùn kankan ò lè ṣe irú èyí. Ó gbójú sókè, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn; bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà awọ ara, ìyá àgbà kan tó ń lo awò ojú, gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé àtẹ́lẹwọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó gé bíńtín nínú awọ apá náà fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kí wọ́n jókòó.

“Ìyá ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn ohun tó ń bá àrùn jà nínú ara rẹ̀ ló ṣìnà, ọ̀rá abẹ́ awọ ni wọ́n kọjú ìjà sí. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ọmọ mẹ́ta péré ni mo tíì rí tó ní in. Kì í ràn, kò sì sẹ́ni tó ṣe é léṣe.”

“Kí ló wá fà á?” awakọ̀ béèrè.

“Mi ò mọ̀, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Oògùn yóò pẹ̀tù sí i. Èyí tó ti yọ́ lọ lè má padà. A ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.”

Oògùn náà mú ojú ọmọ wú díẹ̀, ṣùgbọ́n ibà ò padà wá mọ́. Apá rẹ̀ rọlẹ̀, ó ku kòtò kékeré kan. Òrùka méjèèjì dúró síbi tí wọ́n wà.

Awakọ̀ ti tọrọ àforíjì lójú ọ̀nà ilé lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ èsì. “Mo gbọ́,” nìyàwó rẹ̀ wí, ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó sì ṣáájú.

Nígbà tí ọkùnrin náà mú ìwé dókítà lọ sílé-ìwé, tíṣà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bẹ alágbàfọ̀ nílé.

“Ẹ jókòó, tíṣà,” ni alágbàfọ̀ wí. “Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹ ò mọ̀ mí rí. Ẹni tó mọ̀ mí lọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí.”

Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí tíṣà lọ, ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ṣòkòtò oníbàárà kan. Ó ká a, ó tú u, ó tún un ká. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ẹ̀rín pa á.

“Ṣé ṣòkòtò lẹ̀ ń ká ni, àbí ẹrù ọkọ̀ lẹ̀ ń dì?”

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún. “Ẹ wò ó,” ó ní, “ibí la ti ń bẹ̀rẹ̀.”