Ọṣẹ Inú Ìbọ̀sẹ̀

Ẹni tó bá pẹ́ nídìí iṣẹ́ búrẹ́dì kì í mọ bí wọ́n ṣe ń da nǹkan nù. Èyí tó bá gbẹ, wọn á gún un. Èyí tó bá jóná, wọn á ha ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyẹ̀fun pípò tó bá ṣẹ́kù lánàá, òun ni wọ́n á fi wú tòní. Ìwà yìí ti mọ́ Ìyá Búrẹ́dì lára débi pé ó gbé e wọlé ọkọ. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó sì mọ ojú ọ̀nà ju ojú ilé lọ, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá kú, kí wọ́n tètè sin òun kí ìyàwó òun tó ronú ohun tó máa fi òun ṣe.

Ìyá Búrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn kan a sì máa ṣàwàdà pé búrẹ́dì nìkan lọmọ tó bí. Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹnu lásán ni.

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, ó máa ń ṣe ọṣẹ tó máa fi ta àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́rẹ: ìyá ọkọ rẹ̀, àwọn àbúrò ọkọ, àti àwọn tí wọ́n jọ ń dúró ti ààrò níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé kò lè rà á lọ́jà. Ó ní ẹ̀bùn tí èèyàn bá rà, owó rẹ̀ ló fún ọ. Èyí tó bá ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ló fún ọ. Á da sódà sínú omi díẹ̀díẹ̀, torí pé ẹni tó bá da omi lé sódà lórí ń wá ìjàngbọ̀n. Á jẹ́ kó tutù, á dà á sínú òróró, á sì máa rò ó títí apá á fi máa ro ó. Àjẹkù ọṣẹ wá ni idán tirẹ̀. Gbogbo ọṣẹ tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní balùwẹ̀ àti nílé ìdáná, inú agolo ló ń kó wọn sí, á rin wọ́n wẹ́wẹ́, á sì dà wọ́n mọ́ tuntun. Ó ní ọṣẹ àtijọ́ ló ń kọ́ ọṣẹ tuntun bí wọ́n ṣe ń dì. Páànù búrẹ́dì tó ti wọ́ ló ń dà á sí, á wá gé e, á sì tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó lè gbó dáadáa.

Ọkọ rẹ̀ ní ọmọbìnrin kan, èyí tí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ bí fún un kó tó kú. Ọmọ náà ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn, ìgbà ìsinmi ló máa ń wálé, Nọ́ọ̀sì sì ni wọ́n ń pè é nílé. Ká má parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sí ẹ̀gàn kankan lára rẹ̀. Á kí ọ kó tó bọ́jú, á fọ abọ́ kó o tó jẹun tán, bó o bá sì fún un ní omi lásán, á ní, "Ẹ ṣé, mà." Ṣùgbọ́n bí ẹni tó háyà yàrá ló ṣe ń gbé ilé bàbá rẹ̀. Kì í bèèrè nǹkan, kì í sì í bínú. Ìyá Búrẹ́dì sì mọ̀ pé ọmọ tí kì í báni jà kò tíì gbà pé òun jẹ́ ọmọ ẹni. Ó ń dùn ún gan-an. Ọmọ yìí wù ú, bí oúnjẹ ṣe ń wu ẹni tébi ń pa.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, kí ìsinmi tó dé, òjò wọ yàrá Nọ́ọ̀sì. Ìyá Búrẹ́dì kó aṣọ inú àpótí rẹ̀ jáde kó lè sá wọn. Bó ṣe gbé ìbọ̀sẹ̀ òwú kan báyìí, ó rí i pé nǹkan le nínú rẹ̀. Ọṣẹ ni: ó ti gbẹ, ó ti sán, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, kò sì rùn sí nǹkankan mọ́. Ẹ̀rín pa á. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin máa ń ki ọṣẹ sáàárín aṣọ kó lè máa ta sánsán, eléyìí sì ti ta sánsán tirẹ̀ tán. Inú rẹ̀ dùn pé òun rí nǹkan ṣe fún ọmọ tí kì í bèèrè. Ó mú ọṣẹ náà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú agolo. Nígbà tó ń rin ín, ojú kan jìn díẹ̀ lára rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì bọ́ síbẹ̀ wẹ́kú, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti dì mú. Nígbà tí ọṣẹ tuntun gbó tán, ó ṣa èyí tó dára jù, ó fi í sínú ìbọ̀sẹ̀ náà, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì dé, Ìyá Búrẹ́dì ń fi bébà wé ọṣẹ lórí tábìlì nígbà tí ọmọ náà jáde láti yàrá. Ìbọ̀sẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ọṣẹ tuntun wà ní èkejì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó wà níbí tẹ́lẹ̀ dà?"

Ìyá Búrẹ́dì fi ayọ̀ ṣàlàyé fún un pé òun ti rin ín mọ́ àwọn yòókù, tuntun lòun fi rọ́pò rẹ̀. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí.

"Òun ni màmá mi ń lò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn lọ sílé ìwòsàn," ó ní. "Ojú àtàǹpàkò wọn ṣì wà lára ẹ̀."

Kò pariwo. Ó dìde, ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ìyá Búrẹ́dì jókòó, ó ń wo àtàǹpàkò ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Ọkùnrin náà sọ pé òun náà ò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé òun. Ó ní kó má sunkún mọ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní rárá, agbè gan-an lòun rin.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tú gbogbo ọṣẹ tó ti wé, ó kó wọn sínú páálí, ó sì gbé e lọ síwájú ilẹ̀kùn ọmọ náà.

"Mi ò lè yọ ọ́ jáde mọ́," ó ní. "Wọ́n ti wọnú ara wọn. Torí náà, gbogbo ẹ̀ ni tìẹ, ẹnikẹ́ni ò ní gba ẹyọ kan níbẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má bínú." Ó ti páálí náà sún mọ́ ilẹ̀kùn. "Rárá o. Bínú sí mi. Bínú sí mi dáadáa."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ wá wo ìbínú. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó ń bi òun bóyá ẹyin bíbọ̀ tàbí díndín lòun fẹ́ jẹ, ṣé kò wá lè pe òun kó bi òun léèrè lórí ẹyọ ohun kan ṣoṣo tóun ní? Ó ní ta ló ní kó tọ́jú ẹrù òun? Ó ní ìgbà wo ló máa tó yé e pé kì í ṣe gbogbo àjẹkù ni àjẹkù? Ó sọ ọ́ tomijé-tomijé, ó sì sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá Búrẹ́dì dúró gba gbogbo rẹ̀. Ó dùn ún wọra, àmọ́ kò ní fi ìdúró yẹn ṣe pàṣípààrọ̀ fún gbogbo "ẹ ṣé, mà" tó ti gbọ́ láti ọjọ́ tó ti dé ilé náà.

Nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀ mọ́, ọmọ náà mú ọṣẹ kan nínú páálí, ó wọ balùwẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó fa àga sídìí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé ọṣẹ padà. Ìyá Búrẹ́dì ní kó fi í sílẹ̀, òun ti sọ pé tirẹ̀ ni.

"Tèmi náà ni mo fẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ," Nọ́ọ̀sì fèsì. "Màmá mi ò lè ní nǹkan kí wọ́n má há a fáwọn èèyàn. Èmi ni mo háwọ́."

Wọ́n jọ wé e di ọ̀sán. Ọmọ náà ní bí Àǹtí ṣe ń so okùn yìí, bí ẹni tó ń de ewúrẹ́ ni, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú u, ó tún un so. Ìyá Búrẹ́dì jẹ́ kó gbà á.

Lọ́jọ́ ọdún, ìyá ọkọ wá. Arúgbó náà tú ẹ̀bùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó gbé ọṣẹ náà sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, ó sì béèrè ta ló ṣe é nínú wọn. Ìyá Búrẹ́dì, tó gbé àwo dání, ti fẹ́ sọ pé Nọ́ọ̀sì ló wé e.

"Àwọn màmá mi méjèèjì ni, Màmá àgbà," ọmọ náà dáhùn.

Arúgbó náà wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì fi ọṣẹ náà sí àyà. Ìyá Búrẹ́dì gbé àwo sílẹ̀, ó ní òun ń lọ wo omi tóun gbé kaná. Kò sí omi kankan lórí iná.