Ìkúnlẹ̀ Ọjọ́ Mọ́kànlá

Ọba ní kí gbogbo ìlú kúnlẹ̀ fún ère òun. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ ère náà ní òun kò ní kúnlẹ̀. Ó mọ igi tó jẹ́. Ó mọ ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́ lẹ́yìn, tí òun fi gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun pákó dí.

Wọ́n mú òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ààfin. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbẹ́ ère náà. Ilé àdúrà kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, àbúrò ló sì máa ń ṣáájú àdúrà níbẹ̀.

Ọba kò bínú. Ẹ̀rín ló ń rín.

“Wọ́n ní o ò ní kúnlẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. Ọlọ́run nìkan ni mò ń kúnlẹ̀ fún.”

“Irọ́ lo ń pa. Nígbà tí ẹ ń fi sánpépà ha ẹsẹ̀ ère mi, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko lẹ fi wà lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mi kà á.”

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè wà ní ìdúró kó máa ha ẹsẹ̀ ère. Ẹ̀yìn á kán.

“Mi ò ní kí ẹ tún kúnlẹ̀,” ni ọba wí. “Ẹ ṣáà sọ pé lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, èmi lẹ̀ ń sìn. Ẹni tó bá kọ̀, àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ ò ní bá a délé.”

Ẹ̀gbọ́n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Kábíyèsí, ẹ̀yin là ń sìn.”

Àbúrò rẹ̀ ń wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

“Ṣebí o máa ń sọ fún oníbàárà pé àga rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, nígbà tí o ò tíì la pákó. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ.” Ó gbójú sókè. “Kábíyèsí, iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Mi ò sìn yín.”

Wọ́n gé àtàǹpàkò náà kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ẹni tí kò ní àtàǹpàkò ọ̀tún kò lè di ìfági mú. Ó fi ọwọ́ òsì dán an wò. Pákó mẹ́ta ló bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n wá kí i ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

“Àwọn àgbà ilé àdúrà ní kí o má tíì wá ná. Ojú ọba ṣì wà lára rẹ. Wọn ò fẹ́ kó ti ilé àdúrà pa.”

“Ta ló ń ṣáájú àdúrà báyìí?”

Ẹ̀gbọ́n wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀. “Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣe é.”

“Ó dáa.”

“Ṣé o ò bínú?”

“Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn tí ẹ bá ń jáde. Atẹ́gùn ń wọlé.”

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ilé àdúrà. Lọ́jọ́ ìsìn, ó fẹ̀yìn ti ògiri náà. Ó ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó kó àwọn èèyàn rẹ̀ yọ lọ́wọ́ ọba. Ohùn náà já gaara, kò gbọ̀n. Gbogbo ilé ṣe àmín.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí gbẹ́nàgbẹ́nà tó ṣe àmín tirẹ̀. Kì í ṣe àdúrà ló ṣẹ̀ ẹ́.